Ìwádìí Lórí Ìdílé Ìyàwó

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá a kì í gbé ìyàwó láì kọ́kọ́ wádìí ìdílé rẹ̀. Ǹjẹ́ àrùn burúkú ń bẹ nínú ẹbí náà? Ǹjẹ́ a ti mú ẹnikẹ́ni nínú wọn ní olè rí? Ìbéèrè kejì yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀ ní agbo-ilé wa, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kọ̀wé sílé pé òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́. Ó sì fi kún un, bí ẹni tí ń yangàn, pé ẹlẹ́wọ̀n ni ìyá ńlá ọmọbìnrin náà, tí a fi ọkọ̀ kó dé ibẹ̀ nítorí olè jíjà. Bàbá wa àgbà ní kí a pa ọ̀rọ̀ náà tì. Àwọn yòókù ní kí èmi, tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé láti ọjọ́ pípẹ́, wádìí rẹ̀.

Mary Wade ni orúkọ ìyá ńlá náà. Ìwé ìgbẹ́jọ́ ilé-ẹjọ́ Old Bailey ní London, láti ọdún 1674 títí di 1913, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà láìsan kọ́bọ̀. Mo ka ti oṣù kìíní ọdún 1789. Mary kò tí ì pé ọmọ ọdún 14 nígbà náà. Òpópó ni ó ń gbá kí ó lè rí tọrọ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jane Whiting, pàdé ọmọ ọdún 8 kan tí ó wá bu omi. Wọ́n gba kaba òwú ọmọ náà, àti ìborùn àti fìlà rẹ̀ tí a fi ọ̀gbọ̀ ṣe. Wọ́n gbé kaba náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń gba ẹrù ìdógò. Ìborùn ni a rí nínú yàrá Mary.

Nítorí aṣọ mẹ́ta yìí, a dá wọn lẹ́jọ́ pé kí a so wọ́n rọ̀ títí wọn yóò fi kú. Mo tún ojú ìwé náà kà, bóyá ojú mi ni. Ní ọdún náà gan-an ni ara Ọba George Kẹta yá kúrò nínú àìsàn tí ó dà á lórí rú, a sì ṣàánú àwọn obìnrin tí a ti dá lẹ́bi ikú, a pàṣẹ pé kí a kó wọn lọ sí òkè-òkun dípò rẹ̀. Ọkọ̀ Lady Juliana, tí ó kó obìnrin tí ó ju 200 lọ, gúnlẹ̀ sí Sydney ní oṣù kẹfà ọdún 1790. Láti ibẹ̀ a mú Mary lọ sí erékùṣù Norfolk.

Láti 1788 títí di 1868, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí Ìlú Ọba kó lọ sí Ọsirélíà ju 160,000 lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé wọn fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ní 1856 a tilẹ̀ pa orúkọ Van Diemen's Land dà sí Tasmania, kí orúkọ ẹ̀wọ̀n lè kúrò lára rẹ̀. Bàbá wa àgbà ìbá rí ẹni bí ara rẹ̀ láàárín wọn.

Èmi kò lè bá ọmọ wa yangàn; olè ni olè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n Mary ṣe ọdún rẹ̀ pé, ó fẹ́ Jonathan Brooker, wọ́n dáko, wọ́n sì tẹ̀dó sí agbègbè Illawarra. Ọmọ 21 ni ó bí. Nígbà tí ó kú ní 1859, àwọn ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ti ju 300 lọ. Kevin Rudd, tí ó di olórí ìjọba Ọsirélíà ní 2007, wà nínú ìran rẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etí ẹbí. Mo sì bi Bàbá wa àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n bá lè ka àwọn baba ńlá tiwọn dé ìran keje, kí wọ́n sì jẹ́rìí ìwà olúkúlùkù. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ní ìkẹyìn wọ́n ní kí a kọ̀wé sí ọmọ náà pé kí ó mú ìyàwó wá kí àwọn rí i.

Ohun kan ni mo fi kún ìwé ìwádìí náà tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Àwọn tí ń pìtàn Mary Wade a máa ka àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ kékeré tí ó wá bu omi, tí kaba kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó ń lọ sílé, ni wọn kì í sábà dúró tì. Mo kọ orúkọ tirẹ̀ náà sísàlẹ̀ ti Mary Wade: Mary Phillips, ọmọ ọdún 8.