Wákàtí Ikú Nínú Ẹyinjú

Níbi tí òpópónà De Korte àti Hospital ti pàdé ní Braamfontein, ní ìlú Johannesburg, ni ilé àyẹ̀wò ìṣègùn NHLS wà. Ọdún 1912 ni wọ́n dá ilé ìwádìí tí NHLS jogún rẹ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò náà. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara alààyè ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n omi ara òkú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ.

Ẹ̀jẹ̀ òkú kì í pẹ́ bàjẹ́. Omi inú ẹyinjú, tí ó mọ́ gaara tí ó sì ki bí funfun ẹyin, a máa pẹ́ jù ú lọ, nítorí pé egungun ihò ojú ń dáàbò bò ó. Nígbà tí ènìyàn wà láàyè, sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ a máa lo agbára láti dá pòtásíọ̀mù dúró sí inú ara wọn. Ikú a pa agbára yìí. Pòtásíọ̀mù a sì máa jò díẹ̀díẹ̀ sínú omi ẹyinjú. Bí wákàtí bá ṣe ń gorí wákàtí ni ó ń pọ̀ sí i. (Yorùbá ti ń sọ pé ẹnìkan “pajúdé” tipẹ́ kí onímọ̀ kẹ́míkà tó fi abẹ́rẹ́ fa omi ojú òkú.)

Ní ọdún 1963, Sturner ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde: fi 7.14 sọ iye mílímóòlù pòtásíọ̀mù inú lítà kan di púpọ̀, yọ 39.1 kúrò, èyí tó kù ni iye wákàtí tí òkú ti kú. Ní 1989, Madea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì lo 5.26 àti 30.9. Ooru pẹ̀lú a máa mú kí jíjò náà yá.

Ohun tí ìyàtọ̀ yìí lè dá sílẹ̀ kò kéré. Ní ọjọ́ 27 oṣù October 1971, Ahmed Timol, olùkọ́ kan tí ó wà ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá, já bọ́ láti orí ilé John Vorster Square, tí kò jìnnà sí Braamfontein. Ọlọ́pàá ní ọ̀sán ni, ó sì fò fúnra rẹ̀ ni. Àwọn ẹlẹ́rìí ní òwúrọ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ gba ti ọlọ́pàá gbọ́ ní 1972. Ní 2017, Adájọ́ Billy Mothle dájọ́ pé wọ́n tì í ni, ìpànìyàn sì ni. Àkọsílẹ̀ egbò ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ nípa òkú gbé yẹ̀ wò; ojú rẹ̀ ti di erùpẹ̀.

Ká ní ẹnìkan fa omi ojú náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ó sì bá pòtásíọ̀mù 7. Ìṣirò Sturner yóò ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ó kú. Ti Madea yóò ní aago mẹ́ta ọ̀sán.