Ibi Tí Ọ́ìlì Ti Ń Kán Kọ́ Ló Ti Ń Jò

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè wá ká wá bá òun wo mọ́tò tó fẹ́ rà. Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ àti Peugeot 504 tó ń ti Kàdúná bọ̀ ló kún àdúgbò. Tuntun ni wọ́n ń rà wọ́n, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Ìjàpá a máa jo ọ́ìlì o! Àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, rọ́bà ẹnu wọn kì í pẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n gbangba ni ó ń jò, kò sẹ́ni tó ń bò ó mọ́lẹ̀.

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986, ló yí nǹkan padà. Náírà já wálẹ̀, owó mọ́tò tuntun ju agbára olówó oṣù lọ, tòkúnbọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Kútọnu àti láti èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, tí kò sì jìnnà sí wa rárá. Mọ́tò tí ẹni tá ò mọ̀ lò ní ìlú tá ò dé! Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ká báni wo mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2017, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni ojú gbogbo èèyàn tún yí sí.

Àwọn tó ń tà náà kò sùn. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ ń wá. Mọ́tò tó wọkọ̀ ojú omi láti Amẹ́ríkà, tó tún gba eruku nínú ọgbà èbúté, kò yẹ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa dán bí abọ́ ìyàwó tuntun. Eruku gbígbẹ ni mo fẹ́ràn. Gọ́ọ̀mù tuntun tó yọ létí irin àtijọ́ náà ní ohun tó ń sọ.

Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, a óò wà á títí yóò fi gbóná, nítorí ọ́ìlì gbígbóná ló ń ṣàn, ló ń rí àyè jáde. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ àwọn tírélà Àpápá tí gbogbo èèyàn ń ṣépè fún, èmi jàǹfààní rẹ̀: láti Mile 2 dé Coconut, mọ́tò á ti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì ni. Pupa, ti gíà tàbí ti sítíárìn. Omi mímọ́ gaara, ti éésì ni, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ sá lọ.

Ibi tó ń kán sí kò ní sọ ibi tó ti wá. Ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn a sì gbé e sẹ́yìn bí mọ́tò bá ń sáré. Ibi tó ga jù, tó sì wà níwájú jù lára ibi tí ọ́ìlì rin, ni kéèyàn máa wá. Ẹ wo Corolla 2003 sí 2008. Rọ́bà róbótó kékeré kan wà lẹ́nu ohun tó ń fa ṣéènì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le. Bó bá gbó, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì wálẹ̀, aláìmọ̀ á ní síìlì iwájú ni, á sì tú ohun tí kò yẹ kó tú. Bákan náà, tí ọ́ìlì bá wà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà, mo máa ń nu ẹ̀yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kí n tó lanu pe síìlì ẹ̀yìn. Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kọ́fà yìí kò tó nǹkan. Síìlì ẹ̀yìn, àfi ká sọ gíà kalẹ̀.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí gan-an ni ti Toyota V6, irú èyí tó wà nínú Sienna 2007. Páìpù ọ́ìlì kan ní rọ́bà láàrin. Bó bá bẹ́, ọ́ìlì lè tán kí awakọ̀ tó mọ̀. Toyota fúnra wọn ṣètò ní Amẹ́ríkà láti fi onírin pátápátá pààrọ̀ rẹ̀. Mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a.

Mo tún máa ń ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde wùù, ó lè jẹ́ ríìngì ló ti lọ, ó sì lè jẹ́ bírídà, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, ló dí, tí atẹ́gùn inú ń ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì jáde. Ẹni tó bá pààrọ̀ síìlì láìwo bírídà, á tún padà wá. Àwọn ọmọ ìwòyí á ti ki skánà bọ̀ ọ́, wọ́n á ní kò sí kóòdù. Kóòdù wo ni wọ́n fẹ́ rí lára ọ́ìlì tó ń ṣàn níta?

Mọ́tò tó bá pẹ́ ní èbúté, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ, ó lè má jo lónìí kó jo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo máa ń sọ ìyẹn fún oníbàárà kó tó sanwó. Jíjò nìkan kò ní kí n ní kó má rà á. Iye tí yóò ná an ni mo máa ń sọ: owó rọ́bà, owó iṣẹ́, ọjọ́ tí mọ́tò yóò lò lórí jáàkì. Ẹni tó ń tà á á ní, "Bàbá, ẹ má ba ọjà mi jẹ́ o." Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó.