Obìnrin Tó Ń Wọn Abẹ́ Ilẹ̀

Bí èèyàn bá wọ mọ́tò ní Adó-Èkìtì, tó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Arámọkọ kọjá, tó wá yà sọ́nà Erìjìyàn, Ìkògòsì ni yóò já sí. Níbẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn bọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá pàdé. Àwọn ará ibẹ̀ a máa pìtàn pé ìyàwó ọkùnrin kan ni méjèèjì: onínú fùfù ló di gbígbóná, onísùúrù ló di tútù. Ẹ ò rí orogún!

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní tiwọn ní omi òjò ló ń gba inú òkúta tó sán lọ sísàlẹ̀ pátápátá, tí ooru ibẹ̀ mú un gbóná, tó sì tún rú jáde. Ta ló wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ rí i? Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, obìnrin ni.

Deborah Ajakaiye ni. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1940. Nílé wọn, ọgbọọgba ni ọkùnrin àti obìnrin ń pín iṣẹ́ ilé. Ó gboyè ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1962, ó di ọ̀mọ̀wé ní Zaria lọ́dún 1970. Lọ́dún 1980, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì, obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó yé ọlọ́jà. Ilẹ̀ ń fa ohun gbogbo mọ́ra. Níbi tí òkúta abẹ́ rẹ̀ bá ti wúwo, ó ń fà ju ibòmíràn lọ díẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń wọn ìfà yìí bí òṣùwọ̀n. Òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin wà nínú wọn, ló fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ya máàpù Nàìjíríà. Kò dá nìkan gòkè.

Orí òkúta ni Adó náà jókòó sí. Ẹni tó bá ti náwó gbẹ́ bóhóòlù tí kò kan omi mọ bó ṣe ń dunni tó. Onímọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló lè fi ẹ̀rọ wá ibi tí òkúta ti sán, tí omi sá pamọ́ sí, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ṣé ọmọbìnrin ò lè ṣe é ni?

Ẹ̀yin ìyá Ọjà Ọba, ẹ̀yin bíríkìlà àti mẹkáníìkì, bí ọmọbìnrin yín bá ní físíìsì lòun fẹ́ ṣe, ẹ má sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹ jẹ́ kí bọ̀dá rẹ̀ náà fọ abọ́, kí òun náà ráàyè kàwé.