Àpótí Àpamọ́ àti Ojú Èrò Ọ̀nà

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Dave Ulmer fi ike kan pamọ́ ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, ó sì kéde ibi tó wà fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ GPS. Báyìí ni eré geocaching ṣe bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò le: kọ orúkọ rẹ sínú ìwé inú àpótí, bí o bá mú nǹkan, fi ohun tí iye rẹ̀ kò kéré sí i rọ́pò, dá àpótí padà sí àyè rẹ̀, má sì jẹ́ kí èrò ọ̀nà rí ọ.

Òfin ìkẹyìn yìí ló ń kọ mí lóminú. Ní Ìlú Ọba níbí, bí èmi aláwọ̀ dúdú bá ń yọ́ kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ògiri, ta ni yóò gbà pé eré ni? Lọ́dún 2011, ní Wetherby, àwọn ológun fọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ yángá, torí wọ́n fura pé bọ́ǹbù ni.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń wò mí, mo máa ń kí i, n ó sì ṣàlàyé. Ìwọ tí o ń fi àpótí pamọ́, gba àṣẹ onílẹ̀, kí o sì yan ibi tí àjèjì lè dúró sí láìsí ìfura.