Ìwé Gbèsè Ìyá Mi Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìyá mi ń ta gààrí ní Òmù-Àrán, Yorùbá nìkan ni wọ́n sì ń kà. Ìyẹn ló mú mi fi Python ṣe ìwé gbèsè sórí kọ̀ǹpútà fún wọn. Tkinter, irinṣẹ́ fèrèsé tó ń bá Python wá lórí Windows, ni mo lò; kì í jẹ dátà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ya fèrèsé yín sórí ìwé: àyè orúkọ, àyè owó, bọ́tìnì «Fi pamọ́».

Àmì orí lẹ́tà ni kí ẹ ṣọ́ jù. «Ṣadé» tí a tẹ̀ lọ́nà méjì lè jọra lójú wa, síbẹ̀ kí Python kà á sí onígbèsè méjì. Ẹ fi unicodedata.normalize sọ wọ́n di ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Bí gbèsè Ṣadé bá pín sí méjì, apá kan rẹ̀ nìkan ni ìyá mi yóò rántí béèrè.