Bí Onímọ̀ Bá Kó Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Jẹ

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí òwe náà kò mẹ́nu bà: ẹni tí irọ́ tàbí àṣìṣe ti pàdé lójú ọ̀nà kí òtítọ́ tó dé. Ta ni yóò padà lọ sọ fún un?

Ìbéèrè yìí ni ó ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ti fa àpilẹ̀kọ kan padà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní rétractation. Wọn kì í sábà pa irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wọn a fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, wọn a tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sí i lára pé a ti fà á padà, wọn a sì kọ ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ẹ̀rí lé e mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Didier Raoult, ẹni tí a bí ní Dakar tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marseille nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú International Journal of Antimicrobial Agents. Wọ́n ní hydroxychloroquine ń tètè lé kòkòrò àrùn náà kúrò lára. Oògùn yìí jẹ́ ìbátan chloroquine, èyí tí a mọ̀ nílé wa sí Nivaquine, tí ẹni tí wọ́n bá fi wo ibà fún ní kékeré kò jẹ́ gbàgbé ìkorò rẹ̀. Kíá ni ìròyìn náà dé agbolé wa ní Kétu. Ìyá wa àgbà kan ti tọ́jú páálí Nivaquine pamọ́. Wọ́n bi wá pé: «Ìwọ tí o mọ̀wé, ṣé òótọ́ ni?» A ní kí wọ́n jẹ́ kí a ka ohun tí a kọ ná.

Ìṣirò rẹ̀ ni ó dá wa dúró. Aláìsàn 26 ni wọ́n fún ní oògùn náà, ṣùgbọ́n 20 péré ni wọ́n kà nígbẹ̀yìn. Nínú àwọn 6 tí wọ́n yọ, àwọn 3 ti lọ sí ibi ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ẹnìkan kú, ẹnìkan ṣíwọ́ oògùn nítorí pé èébì ń gbé e, ẹnìkan sì kúrò ní ilé-ìwòsàn. Bí olùkọ́ kan bá kó ọmọ 26 lọ sí ìdánwò BAC, tí ó yọ àwọn 6 tí kò rí i parí kúrò nínú ìṣirò, òbí wo ni yóò gba èsì rẹ̀ gbọ́? A ní kí Màmá dúró de ọ̀rọ̀ dókítà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ yí bírí. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, The Lancet gbé àpilẹ̀kọ mìíràn jáde tí ó ní ikú ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ń lo oògùn náà. Àkọsílẹ̀ aláìsàn 96,032 láti ilé-ìwòsàn 671 ni wọ́n ní àwọn gbà lọ́wọ́ Surgisphere, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò tirẹ̀ lórí oògùn náà dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ó lé ní 100 kọ lẹ́tà ìta gbangba. Ọ̀kan nínú ìbéèrè wọn kan ilẹ̀ wa: báwo ni ilé-iṣẹ́ yìí ṣe rí àkọsílẹ̀ tó kún tó bẹ́ẹ̀ nípa aláìsàn 4,402 ní Áfíríkà, gbogbo rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà? Ẹni tí ó bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwòsàn ìlú wa, tí ó rí nọ́ọ̀sì tí ń fi bíìrò kọ orúkọ sínú ìwé ńlá, yóò mọ̀ pé ìbéèrè náà tọ́. Surgisphere kò gbà kí àwọn ayẹ̀wò rí àkọsílẹ̀ náà. Mẹ́ta nínú òǹkọ̀wé mẹ́rin ní kí a fa àpilẹ̀kọ náà padà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Ọjọ́ 13 péré ni.

Ti Marseille ńkọ́? Ó di oṣù kejìlá ọdún 2024 kí a tó fà á padà. Ìwé náà ní òun kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a ti gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ kí orúkọ àwọn wà níbẹ̀ mọ́, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ ta ko ìdájọ́ náà.

Àpilẹ̀kọ kan yin oògùn, èkejì bẹnu àtẹ́ lù ú, a sì fa méjèèjì padà. Nítorí náà, a ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kì í ṣe ìhà tí onímọ̀ dúró sí ni a ń dá lẹ́jọ́, bí kò ṣe ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Àṣìṣe kò kan ọgbọ́n. Fífi àṣìṣe pamọ́ ni ó kan án.

Ohun tí ó dùn wá ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rìn dọ́gba. Ní 2020, rédíò, fóònù àti ẹnu ọlọ́jà ni ó gbé ti àkọ́kọ́ kiri. Nígbà tí a fà á padà, kò sí ẹnikẹ́ni ní agbolé wa tí ó bi wá léèrè. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, akẹ́kọ̀ọ́ Terminale kan mú àpilẹ̀kọ Marseille wá fún exposé rẹ̀. Ẹ̀dà tí ó rí kò ní àmì kankan lára. Ọmọ náà kò purọ́. Ìròyìn kejì ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A jọ ṣí ojú-ewé ìwé náà gan-an, a jọ ka ìdí tí wọ́n fi fà á padà, òun náà sì tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ onímọ̀ kan sínú mémoire yín, ẹ padà sí ìwé tí ó kọ́kọ́ gbé e jáde, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, àwa tí a ń ka Faransé tí a sì ń sọ Yorùbá nílé ni àwọn ìyá wa ń bi léèrè. Bí a bá ti túmọ̀ ìròyìn àkọ́kọ́ fún wọn, gbèsè ni ìkejì jẹ́ lọ́rùn wa. Ẹ jẹ́ kí a san án.