Mo Jàre, Mo sì Jẹ̀bi

Mo fi owó páànù ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tó jẹ́ òótọ́, mo sì pàdánù rẹ̀. Ayé rí roboto. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, mo ṣì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìyẹn kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́. Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ ni pé ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní jọ́gíráfì ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rí kan tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni mo ń gbé fún àwọn ọmọ, nígbà tí ẹnì kan sì fọwọ́ tì í tó wó, èébú ni mo fi gbèjà rẹ̀. Owó tó lọ kéré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo máa ń kọ sójú pátákó. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ, tí ìdí rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlẹ̀ kúrò lójú ẹni tó dúró létí òkun kí orí rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èkejì ni òjìji ayé, tó máa ń rí roboto lára òṣùpá nígbà tí ayé bá dí oòrùn mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn ènìyàn ti yí ayé ká. Méjì àkọ́kọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu mi. Abẹ́òkúta kò létí òkun, odò Ògùn kò sì fẹ̀ tó ohun tí ọkọ̀ máa wọlẹ̀ sí lójú ẹni. Ẹ̀kẹta ló dùn ún sọ, torí ìtàn ni. Màá sọ fún wọn pé ọkọ̀ 5 gbéra ní Sípéènì lọ́dún 1519, Magellan ló ṣáájú. Wọ́n pa òun fúnra rẹ̀ ní erékùṣù Philippines ní 1521. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, Victoria, ló padà délé ní 1522, Elcano ló tukọ̀ rẹ̀, àwọn 18 péré ló sì kù nínú rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọrí sí tí wọ́n fi padà délé láti ìlà-oòrùn. Màá wá bi wọ́n pé, ‘Ẹni tó ń lọ síwájú lórí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, báwo ni yóò ṣe bá ara rẹ̀ nílé láì yí padà?’ Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, màá sì fún wọn ní máàkì.

Ọjọ́ ìkómọ kan ní Ìtòkú ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí gbangba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wo fídíò àwọn tó ní ayé tẹ́ pẹrẹsẹ lórí fóònù rẹ̀ tipẹ́, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn tí a jẹ láfún tán, ó tún gbé e dé. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójú gbogbo agbolé. Mo ní ṣé kò tíì gbọ́ nípa Ademilola Odujinrin ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó fi ọkọ̀ òfurufú kékeré kan yí ayé ká lóun nìkan tó sì parí rẹ̀ ní 2017, tí ọmọ Áfíríkà kankan ò ṣe irú rẹ̀ rí? Inú ń ru mí, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ni mo bá ní tó bá lè fi han àwọn àgbà bí ènìyàn ṣe lè máa lọ síwájú lórí ayé pẹrẹsẹ kó sì padà sílé, kó wá gba owó tí mo ti tọ́jú láti fi tún páànù ilé mi kàn.

Ó dìde. Ó da obì àti orógbó inú àwo kúrò, ó gbé àwo tó tẹ́ náà kalẹ̀, ó sì fi orógbó kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀. Ó ní, ‘Bọ̀dá Tíṣà, ìpẹ̀kun àríwá nìyí, ibi tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí ló ń ṣe? Àríwá ló fi sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Àbí irọ́ ni?’ Mo ní òótọ́ ni. Ó mú ẹyọ ataare kan, ó ń rìn ín lórí àwo, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí orógbó ní gbogbo ìgbà, títí tí ataare fi padà síbi tó ti gbéra. Ó ní, ‘Elcano rèé. Ẹ yí i sí ọwọ́ òsì, ẹni tó lọ sí ìlà-oòrùn nìyẹn. Odujinrin yín náà ò ṣe ju èyí lọ.’ Ó wá na fóònù sí wọn, àwòrán ara àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló wà níbẹ̀: máàpù ayé tí àríwá wà láàárín rẹ̀, tí ilẹ̀ yòókù tò yí i ká.

Mo wo àwo, mo wo orógbó. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi. Ohun tí mo fi ń pa gbogbo iyàn, kò ju ẹyọ ataare kan lọ. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ pé, ‘O jàre níbi tí o dé yìí, jẹ́ kí n lọ rò ó.’ Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo pè é ní ọmọ ẹ̀yìn Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram nígbà kan rí, ẹni tó sọ fún BBC ní 2009 pé òun kò gbà pé ayé rí roboto. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Bàbá wa àgbà ní kí n jókòó. Ó ní, ‘Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìwọ lo bi í, ó sì ti dá ọ lóhùn. Yálà ayé rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn kọ́ lo bi í. Sanwó.’ Mo san án.

Òjò ọdún yẹn wọlé bá mi, mo sì gbà á. Ohun tí mi ò rí gbà mọ́ra ni ohun tó tẹ̀ lé e. Kí sáà náà tó parí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé irọ́ tí òun bá lẹ́nu èmi náà ló kún ẹnu àwọn olùkọ́ òun, torí bí wọ́n bá wọn ilẹ̀ ilé, bí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe máa ń ṣírò rẹ̀. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Láàárín kìlómítà kan gbáko, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 péré ni ayé fi tẹ̀ sísàlẹ̀. Lórí ilẹ̀ ilé kan ní Ọbáńtókò, kò tó ohun tí ojú rí. Bí ilẹ̀ bá wá fẹ̀ tó ìpínlẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè, àwọn awọnlẹ̀ kò jẹ́ yọ títẹ̀ ayé sílẹ̀. Ó kúrò kó tó dé kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn. Ta ló kọ́ ọ pé tí ẹ̀rí olùkọ́ kan bá wó, kí ó máa fura sí gbogbo yòókù? Èmi ni.

Nígbà tí mo wá ń kàwé kiri, mo rí ẹni tó ti jìn sí kòtò yìí ṣáájú mi. Alfred Russel Wallace ni, ọmọ Ìlú Ọba. Àlàyé tirẹ̀ àti ti Darwin ni wọ́n bá wọn kà jáde pọ̀ ní 1858 lórí bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Bẹ́ẹ̀ awọnlẹ̀ ló jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ní 1870, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Hampden fi 500 pọ́n-ùn lélẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè fi hàn pé ojú omi tó dúró jẹ́ẹ́ tẹ̀. Wallace gbà á. Ó lọ sí etí omi kan tí wọ́n gbẹ́ tààrà ní Bedford Level, tó gùn tó máìlì 6. Ó gbé àmì sókè níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jìnnà sí ojú omi bákan náà, ó sì fi awò wò wọ́n láti orí kan: ti àárín yọ sókè. Adájọ́, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn The Field, dá Wallace láre.

Wallace kò gbádùn owó náà. Hampden kọ̀wé èébú kiri sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọ̀wé ìhalẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀, wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, kò sì jáwọ́. Ilé ẹjọ́ tún wá sọ pé kí Hampden gba owó rẹ̀ padà, torí òfin kò mọ tẹ́tẹ́. Ohun tí Wallace ná sórí ẹjọ́ ju èyí tó jẹ lọ, wàhálà náà sì gbà á lọ́dún tó lé ní 10. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1905, ó kà á mọ́ ohun tó dùn ún jù tó ṣe láyé. Ẹ̀rí tirẹ̀ dúró, tèmi kò dúró, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ló rò pé tẹ́tẹ́ lè yí ọkàn ènìyàn padà.

Wàyí o, kí ló yẹ kí n ti sọ? Mo gbà báyìí pé yíyí ayé ká láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn nìkan kò lè parí ẹjọ́ yìí, ọjọ́ kankan. Àwo tó tẹ́ lè ṣàlàyé rẹ̀. Ohun tí àwo kò lè ṣàlàyé ni bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Lórí àwo, bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí orógbó àárín, bẹ́ẹ̀ ni òbírí tó máa rìn á máa fẹ̀ sí i. Lórí ayé tó rí roboto, òbírí náà á fẹ̀ títí dé ìlà agbedeméjì ayé, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kéré títí dé ìpẹ̀kun gúúsù. Gúúsù ni ká ti lọ wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni àwa ará ibí kò sì wọ́pọ̀ sí. Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ wa ń lọ jù, ọ̀nà ibẹ̀ láti Èkó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà sí àríwá, nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Lórí àwo àti lórí ayé tó rí roboto, iye kan náà ló jẹ́. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wa mọ̀ jù gan-an ni ọ̀nà tí kò lè jẹ́rìí.

Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ rí wà ní Ọsirélíà. Johannesburg ni ó gbà kọjá, ó sì fò láti ibẹ̀ tààrà sí Sydney. Ìrọ̀lẹ́ ló wọkọ̀, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló balẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 12. Ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 11,000. Bí a bá wọn ibi méjèèjì lórí máàpù pẹrẹsẹ, á lé ní 23,000, ọkọ̀ òfurufú a sì lo ju wákàtí 25 lọ; kò sí ọkọ̀ èrò tí epo rẹ̀ lè gbé e débẹ̀ láìbà. Ní 2022, obìnrin ará Ọsirélíà kan, Lisa Blair, nìkan wa ọkọ̀ ìgbòkun yí ilẹ̀ yìnyín gúúsù ká ní ọjọ́ 92. Lórí àwo, etí àwo ni ilẹ̀ yìnyín yẹn, yíyí rẹ̀ ká á sì lé ní kìlómítà 100,000. Ọkọ̀ ìgbòkun wo ló máa sáré ju kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tọ̀sán tòru, fún oṣù mẹ́ta?

Àwọn kan tilẹ̀ ti gba inú ilẹ̀ yìnyín náà kọjá. Láàárín 1979 sí 1982, Ranulph Fiennes àti Charles Burton yí ayé ká lóòró. Wọ́n wọ ilẹ̀ yìnyín láti ìhà Gúúsù Áfíríkà, wọ́n gba ìpẹ̀kun gúúsù kọjá, wọ́n jáde ní ìhà New Zealand, wọ́n sì lọ dé ìpẹ̀kun àríwá kí wọ́n tó padà sí Ìlú Ọba. Ẹni tó bá gba etí àwo jáde, ṣé etí kejì ni yóò ti wọlé?

Ní December 2024, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Will Duffy, kó àwọn tó ní ayé tẹ́ àti àwọn tó ní ó rí roboto lọ sí ilẹ̀ yìnyín náà láti wò ó bóyá oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Oòrùn kò wọ̀, àwo tó tẹ́ kò sì lè ṣàlàyé ìyẹn. Jeran Campanella, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wàásù ayé pẹrẹsẹ, sọ ọ́ síta pé òun ti rò pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú u. Nígbà tí mo gbọ́, ojú ara mi tì mí: ẹni tí kò jàre lè sọ pé òun ṣìnà lójú gbogbo ayé, èmi tí mo jàre kò lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú agbolé kan.

Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Pánṣẹ́kẹ́, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Ọ̀rọ̀ Mohammed Yusuf ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bi í nípa Johannesburg sí Sydney, láìsí tẹ́tẹ́. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé máàpù rẹ̀ síta lórí fóònù, ó fi okùn ṣájà wọ̀n ọ́n, ó wọn ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́ ọn, ó sì ṣírò rẹ̀ bí awọnlẹ̀ ṣe ń ṣírò. Ó tún un wọ̀n. Ó ní, ‘Bọ̀dá Tíṣà, kí ló dé tí ẹ ò bi mí ní èyí lọ́jọ́ náà?’

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ni. Mo ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, kò sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi léèrè pé kí ni ẹni tí kò gbà á yóò fi dá mi lóhùn. Ó ní òun á wò ó sí i, kí n má bínú, oníbàárà ń dúró de òun. Kò tíì padà sílé ìwé.